Kóòṣì Tí Ó Pa Balógun Rẹ̀ Lẹ́nu Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní Abẹ́òkúta, kóòṣì ni. Básíkẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́ àwọn èèyàn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú agbọ̀n tó ga ju orí lọ. Kì í ṣe ti ọmọ ilé ìwé o. Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn tó ń kọ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ aya, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ ọmọ. Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. Mo tètè sọ ọ́ kí o má baà bínú sí i ká tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ikọ̀ rẹ̀ kò gba ife ẹ̀yẹ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń padà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, nǹkan yí padà. Wọ́n ń borí nílé, wọ́n ń borí lẹ́yìn odi, débi pé bí o bá tan rédíò láàárọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ni wàá bá níbẹ̀. Onímọ̀ kan á ní ife ti di tiwọn. Èkejì á ní rárá o, ó ku díẹ̀. Ẹ̀kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, gbogbo wọn á wá máa pín ẹran àgbò tí ẹnikẹ́ni kò tíì pa. Mi ò bá wọn wí, oúnjẹ tiwọn nìyẹn.

Ibi tí ẹnu gbogbo wọn ti kò sójú kan ni ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé. Bó bá ti ju bọ́ọ̀lù, àwọn òǹwòran á ti dìde kó tó dé inú agbọ̀n. Ìlú fẹ́ràn rẹ̀, kóòṣì fẹ́ràn rẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn ara rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní bí ọkàn ọmọ yìí bá ti balẹ̀, ife ń bọ̀ nílé. Bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, kí oníkálùkù máa lọ sùn.

Ẹni tí rédíò kì í dárúkọ ni balógun ikọ̀ náà. Ṣóbándé ni wọ́n ń pè é. Ó ti ń dàgbà kọjá eré náà. Orúnkún rẹ̀ ti ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, kì í fò sókè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí ọdún náà bá ti parí, òun fẹ̀yìn tì. Bí kò bá fọwọ́ kan ife lọ́dún yẹn, kò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ní ẹnu. Háà, Ṣóbándé ní ẹnu! Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀, á béèrè ẹni tó gbàgbé bàtà. Bí wọ́n bá ń jẹun, á ní lágbájá kò mu omi tó. Bí ẹnì kan bá jí lọ́jọ́ kan tí ojú rẹ̀ fà ro, Ṣóbándé á fẹ́ mọ ohun tó fà á. Tí wọ́n bá wá wọ pápá, ẹnu rẹ̀ kò ní sinmi títí fèrè ìkẹyìn á fi dún. "Òsì rẹ! Ọ̀tún, ọ̀tún! Padà sẹ́yìn! Mo wà níbí, má bẹ̀rù!" Ohùn rẹ̀ há, kò sì dùn gbọ́ rárá.

Mo mọ̀ pé o kì í wo eré yìí, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé ọ. Ẹni tó bá ń ṣọ́ alátakò tó mú bọ́ọ̀lù dání kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀. Tó bá bojú wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, ọkùnrin yẹn ti lọ. Àwọn alátakò mọ èyí. Ọ̀kan nínú wọn á rọra yọ́ wá, á dúró gbọnin sẹ́yìn ẹni tó ń ṣọ́ni bí ògiri. Òfin sì gbà wọ́n láyè. Nígbà tí ẹni yẹn bá fẹ́ yà tẹ̀ lé ẹni tó ń ṣọ́, àyà ògiri yẹn ni yóò fi ara sọ. Kò sí ohun tó lè gbà á àfi ohùn ẹnì kejì rẹ̀ tó ń rí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, pé ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.

Kóòṣì yìí mọ gbogbo èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí.

Nígbà tí wọ́n borí ní ìdíje tó gbé wọn dé àṣekágbá, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga yẹn wá bá kóòṣì nídìí ọkọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó dìde, ó ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Ẹ̀gbọ́n Ṣóbándé sọ̀rọ̀. Ẹnu wọn ti pọ̀ jù. Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń darí mi bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mi ò ráyè ronú nínú orí ara mi."

Kóòṣì wojú rẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá kọ̀, ọmọ á máa bínú, bó bá ń bínú, ọwọ́ rẹ̀ á máa tàsé, bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ń tàsé, ife lọ nìyẹn. Ìbẹ̀rù ló ń rò ó, ṣùgbọ́n ó pè é ní ọgbọ́n. Ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí i.

Ó pe balógun rẹ̀ sínú yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Ó ní, "Ṣóbándé, o mọ̀ pé èèyàn mi ni ọ́. Àṣekágbá ló dé yìí. Mi ò ní kí o dákẹ́ o. Ohun tó bá pọn dandan nìkan ni kí o máa sọ."

Ṣóbándé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń bá òun ṣeré ni. Nígbà tó rí i pé kóòṣì kò rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ náà kú sójú. Ó ní, "Kóòṣì, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó pọn dandan?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà ni ọ́."

"Ó dáa, sà," ni Ṣóbándé wí. Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó jáde. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́ sílẹ̀, ó tán.

Láti ọjọ́ yẹn, pápá tòrò. Tí wọ́n bá ń ṣe ìgbaradì, kìkì ìró bàtà àti bọ́ọ̀lù tó ń lu ilẹ̀ ni èèyàn á máa gbọ́. Inú kóòṣì dùn. Ó sọ fún àwọn onírédíò pé àwọn ọmọ òun ti gbọ́njú, pé ẹ wo bí ọkàn wọn ṣe pa pọ̀. Òótọ́ ni pé Ṣóbándé kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń wá lásìkò, ó ń sáré, ó ń kí èèyàn. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ síbi àṣekágbá, kò sẹ́ni tó béèrè bàtà. Ọ̀kan nínú wọn gbàgbé tirẹ̀ sílé lóòótọ́, bàtà oníbàtà ló wọ̀ sáré, ó sì fún un lẹ́sẹ̀ débi tó fi ń tiro.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni àṣekágbá náà, ẹni tó bá borí nínú méjì ló ni ife. Nínú àkọ́kọ́, wọ́n na ikọ̀ Abẹ́òkúta. Àwọn alátakò kàn ń mọ ògiri sẹ́yìn ọmọ gíga yẹn ni, ọmọ sì ń fi ara sọ wọ́n. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Èjìká rẹ̀ wú. Kóòṣì ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé kí wọ́n sáré, kí wọ́n sáré! Nígbà tó parí, ó bú ẹsẹ̀ wọn, ó bú ẹ̀mí wọn, ó bú oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Àwọn onírédíò ní àǹfààní ikọ̀ náà ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Kóòṣì yìí ní ìyá. Ojú ìyá náà ti ń ṣú láti ọjọ́ pípẹ́, ní àkókò yìí kò ríran mọ́ rárá. Síbẹ̀, kò sí ìdíje tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe tí kì í lọ. Iwájú ni wọ́n máa ń fi í jókòó sí, etí ló sì fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ìyá àti ọmọ ti jọ ń mu ẹ̀kọ, ìyá ní, "Àdìó, ṣé ara Ṣóbándé kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá, Màámi. Ó wà lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Mi ò gbọ́ ọ. Àwọn alátakò yín nìkan ni mò ń gbọ́. Mo tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì mí pé, àwa dà?"

"Èmi ni mo ní kó dín ẹnu kù, kí ọkàn àwọn yòókù lè balẹ̀."

Ìyá gbé ife ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí ojú mi ń ṣú lọ, ohùn bàbá rẹ ni mo fi ń rìn nínú ilé. 'Àga wà níwájú rẹ. Ìkòkò gbígbóná wà lápá òsì. Wọ́n ti da omi sí ẹnu ọ̀nà.' Láàárọ̀, lálẹ́. Nígbà míì, ó máa ń sú mi, mo máa ń ní, ṣé ọkùnrin yìí kì í rẹ̀ ẹ́ ni? Ìgbà tó kú ni mo tó mọ̀ pé ilé yẹn ní igun."

Kóòṣì kò lè mu ẹ̀kọ náà mọ́. Ó rí gbogbo rẹ̀ lójú ara rẹ̀: ọmọ tó ń ṣubú, Ṣóbándé tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, tó ń wò, tí ẹnu rẹ̀ pa dé. Ojú tì í. Ó dìde, ó wá balógun rẹ̀ lọ.

Ó bá a nínú yàrá tí wọ́n wọ̀ sí, Ṣóbándé gbé ẹsẹ̀ lé àga, ó di yìnyín mọ́ orúnkún. Kóòṣì lóṣòó síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ṣóbándé, mo ṣẹ̀ ọ́. Dákun, ohun tó bá wà lẹ́nu rẹ ni kí o máa sọ, gbogbo rẹ̀."

Ṣóbándé ní, "Ẹ dìde, Kóòṣì. Ẹ má lóṣòó sílẹ̀ nítorí mi. Mi ò bínú." Ó yí yìnyín náà padà lórí orúnkún. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lánàá. Gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọmọ yẹn ni mo rí. Kò sí ọ̀kan tí mi ò rí. Bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu, nǹkan kan nínú mi á ní, 'Ṣóbándé, ṣé èyí pọn dandan?' Kí n tó dá a lóhùn, ọmọ ti wà nílẹ̀. Wọ́n ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Èmi dákẹ́, Kóòṣì, mo sì ṣìwí. Ẹ̀yin ti ní kí n máa sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ ṣeun. Ẹni tó wà nínú mi yẹn ńkọ́? Ta ló máa bá mi lé e jáde?"

Kóòṣì sunkún níbẹ̀, àgbà ọkùnrin, lójú ẹni tó ń darí. Ṣóbándé ló wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní, "Ó tó, Kóòṣì. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá."

Kí wọ́n tó wọ pápá fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, kóòṣì kó gbogbo wọn jọ. Ó ní òun ni òun pa balógun lẹ́nu mọ́, pé òun ṣìṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀bi náà lé e lórí. Ọmọ gíga yẹn wolẹ̀ títí. Ó wá sún mọ́ Ṣóbándé, ó fọwọ́ di èjìká rẹ̀ tó wú mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa pè mí o. Ẹ máa pè mí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó sàn ju ìyà tí mo jẹ yìí lọ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Ṣóbándé tó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́.

Lórí pápá, ohùn Ṣóbándé kọ́kọ́ ń jáde tìkọ̀tìkọ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbóná. Wọ́n borí. Ìyá kóòṣì ń pàtẹ́wọ́ níwájú, ó ń ní, "Àwa nìyẹn! Àwa nìyẹn!" Lọ́jọ́ kejì, àwọn onírédíò tún ti mú ọ̀bẹ, wọ́n ń pín ẹran àgbò.

Ẹ̀kẹta ló wá kù. Eré náà le, kò sẹ́ni tó jìnnà síra. Nígbà tí àsìkò fẹ́ẹ̀ parí, ikọ̀ Abẹ́òkúta ló fi àmì kan péré ṣíwájú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ alátakò. Ọmọ gíga ló ń ṣọ́ ẹni tó mú un dání, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lè di èyí nìkan mú, ife dé. Ṣóbándé rí ògiri tó ń rọra bọ̀ láti apá òsì ọmọ náà. Ó la ẹnu.

Ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì béèrè pé, ṣé èyí pọn dandan?

Kò pẹ́ rárá o. Ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú ni. "Òsì rẹ!" Ohùn náà jáde, ó há, ó lágbára, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ti yà, ó ti fi ara sọ ògiri, ó ti wà nílẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ti wọ inú agbọ̀n. Fèrè dún. Àwọn ará ibòmíràn ló gbé ife.

Ṣóbándé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó fa ẹ̀wù bo ojú. Kóòṣì rìn wọ inú pápá lọ bá a, ó jókòó tì í lórí ilẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Ohùn mi pẹ́, Kóòṣì," ni Ṣóbándé ń wí nínú ẹ̀wù.

"Ohùn rẹ kọ́ ló pẹ́. Èmi ni mo dá a dúró lọ́nà."

Ọmọ gíga náà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn kejì, ó gbé orí lé èjìká Ṣóbándé. Wọ́n wà níbẹ̀ títí àwọn tó ń gbá ilẹ̀ fi gbá yí wọn ká. Ṣóbándé kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sì fọwọ́ kan ife kankan. Lórí rédíò, wọ́n jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ohun tó fà á. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn ọmọ náà kò ga tó.

Ọmọ mi, ẹ̀rín lo fi wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀ yìí. O ní kí n bá ọ dúpẹ́, pé ìyàwó rẹ ti ṣíwọ́ àròyé. O ní láti ọjọ́ tí o ti sọ fún un níwájú àwọn àbúrò rẹ pé ohun tó bá pọn dandan nìkan ni kó máa bá ọ sọ, ilé yín ti tòrò. Kò sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ tuntun tó ní kí o ṣọ́ra fún yẹn mọ́. Kò bi ọ́ bóyá o ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ. Bí o bá pẹ́ níta, á ṣílẹ̀kùn, á kí ọ káàbọ̀, á lọ sùn. O ní àlàáfíà nìyẹn.

Mi ò lè bá ọ dúpẹ́, ọmọ mi. Mo mọ ọmọbìnrin yẹn, ojú rẹ̀ kò fọ́. Ẹ̀yìn rẹ tí ìwọ kò lè rí, ó ń rí i lójoojúmọ́. O kàn ti sọ ọ́ di ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ wò lórí ìwọ̀n kó tó lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ewu.

Lọ sílé. Má ra nǹkan dání, má sì kó èmi tàbí ẹnikẹ́ni dání láti bá ọ bẹ̀ ẹ́. Jókòó tì í, kí o bi í ní ohun tó ti rí tí kò sọ. Bó bá ní kò sí nǹkan kan, má dìde. Dúró síbẹ̀. Tí ohùn rẹ̀ bá wá ń bọ̀, tó ń gbọ̀n, tó ń wo ojú rẹ kó tó tẹ̀ síwájú, má bínú pé kò yára. Ìwọ lo kọ́ ọ láti máa pẹ́. Ó yá, dìde, máa lọ báyìí, kí ìdákẹ́jẹ́ náà tó mọ́ ọn lára.